Igbó, Odò àti Ìfọ̀kànbalẹ̀ Ọmọ Ènìyàn

Láyé àtijọ́, ó ṣọ̀wọ́n kí a rí ìlú pàtàkì kan ní ilẹ̀ Yorùbá tí kò ní igbó tí ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ fi àdá kàn. Bí àlejò bá ń bọ̀ láti ọ̀nà jíjìn, igbó náà ni yóò kọ́kọ́ rí kí ó tó rí òrùlé ilé: ìrókò, àràbà àti ọ̀pẹ tí wọ́n ga ju ohun gbogbo lọ, tí ibòji wọn sì bo ọ̀nà mọ́lẹ̀. Níbẹ̀ ni igbódù wà, níbi tí a ti ń tẹ ọmọ awo ní Ifá. Níbẹ̀ ni igbó Orò wà, àti ìgbàlẹ̀ Egúngún, àti ojúbọ òrìṣà tí ìlú náà ń bọ. Ìtàn àwọn igbó wọ̀nyí ni a sábà máa ń kọ gẹ́gẹ́ bí ìtàn ẹ̀sìn tàbí ìtàn ogun. Ọ̀nà mìíràn tún wà tí a lè gbà wò ó, èyí tí àwọn òǹkọ̀wé kì í fi bẹ́ẹ̀ dúró lé lórí: ohun tí igbó ń ṣe sí inú ènìyàn, àti ohun tí ó ń dé bá inú náà nígbà tí igbó bá lọ.

Samuel Johnson, àlùfáà tí ó parí ìwé ìtàn Yorùbá rẹ̀ ní 1897, tí a kò sì tẹ̀ ẹ́ jáde títí di 1921, mẹ́nu ba igbó ilé, igbó tí ó yí ìlú ká, tí a fi sílẹ̀ kí ó di kìjikìji nítorí ogun. Ààbò ni igbó ilé wà fún. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá ń gbé nínú irú ìlú bẹ́ẹ̀ kò lè ṣe kí ó má gbọ́ ohùn ẹyẹ ní òwúrọ̀, kí ó má gbóòórùn ewé tútù lẹ́yìn òjò, kí ó má rí òkùnkùn igi ní ìpẹ̀kun àdúgbò rẹ̀. Ìrìn díẹ̀ ni ó wà láàrin ariwo ọjà àti ìdákẹ́jẹ́. Èdè Yorùbá fúnra rẹ̀ jẹ́rìí sí i. Nígbà tí ìdààmú bá kúrò lára ènìyàn, a ní ọkàn rẹ̀ balẹ̀. Nígbà tí kò bá tíì kúrò, a ní ọkàn náà kò balẹ̀, bí ìgbà tí ẹyẹ bá ń fò kiri tí kò rí ẹ̀ka bà lé.

Àwọn babaláwo mọ ìtàn Ọ̀sanyìn dáadáa. Ọ̀rúnmìlà rán an lọ sí oko láti lọ ro koríko, ó sì dúró láì ro ọ̀kankan, nítorí gbogbo èyí tí ó fọwọ́ kàn ni ó mọ iṣẹ́ rẹ̀: èyí ń wo ibà, èyí ń wo orí fífọ́, èyí ń mú ọmọ dúró. Ẹ̀kọ́ nípa egbòogi ni a sábà máa ń fà yọ nínú ìtàn yìí, ó sì tọ́ bẹ́ẹ̀. Síbẹ̀, ó tún jẹ́ ìtàn ẹni tí igbó kì í ṣe òfo lójú rẹ̀. Ẹni tí ó mọ orúkọ ogún ewé ní ẹ̀yìnkùlé rẹ̀ kì í dá nìkan wà níbẹ̀. Bẹ́ẹ̀ náà ni igbódù rí. Ọmọ awo a fi ilé sílẹ̀, a fi ọjà àti ẹjọ́ ilé sílẹ̀, a sì wọ inú igbó lọ fún ọjọ́ mélòó kan. Ìdákẹ́jẹ́ ibẹ̀ kì í ṣe ohun ọ̀ṣọ́ tí a fi kún iṣẹ́ náà. Ara iṣẹ́ náà ni.

Kí igbó tó fi àwọn ènìyàn sílẹ̀, a ti kọ́kọ́ gbé ọ̀pọ̀ ènìyàn kúrò nínú igbó. Ogun tí ó tú Ọ̀yọ́ Ilé ká àti àwọn ogun tí ó tẹ̀lé e ní ọ̀rúndún 19 sọ ẹgbẹẹgbẹ̀rún ọmọ Yorùbá di ẹrú ní Bràsíl àti Kúbà. Kí àwọn wọ̀nyí tó dé ibẹ̀ ni àwọn Potogí ti ní orúkọ fún ìbànújẹ́ tí ó máa ń mú ará Áfíríkà tí a bá kó wá: banzo ni wọ́n ń pè é. Àkọsílẹ̀ òpin ọ̀rúndún 18 ṣàpèjúwe rẹ̀ gẹ́gẹ́ bí àárò ilẹ̀ ẹni tí ó le tó bẹ́ẹ̀ tí ẹni tí ó ń ṣe kò ní jẹun mọ́, tí kò ní sọ̀rọ̀, títí yóò fi kú. Dájúdájú, ìyà àti ẹ̀wọ̀n nìkan tó pa ènìyàn. Ṣùgbọ́n ohun tí àwọn ọmọ Yorùbá tí wọ́n là á já kọ́kọ́ wá ní ilẹ̀ àjèjì náà fi ohun tí ó ń dùn wọ́n hàn: igi ni wọ́n wá.

Wọn kò rí ìrókò ní Bahia. Wọ́n rí igi ńlá kan tí àwọn ará ibẹ̀ ń pè ní gameleira, wọ́n sì fi orúkọ Ìrókò fún un, wọ́n wé aṣọ funfun mọ́ ọn lára, wọ́n ń bọ ọ́ títí di òní. Ní Kúbà, àràbà wà níbẹ̀ gan-an, igi kan náà pẹ̀lú ti ilé, ti àwọn ará ibẹ̀ ń pè ní ceiba. Ìdí rẹ̀ ni wọ́n fi Ìrókò sí. Àṣìṣe kọ́ ni èyí. Ẹni tí ó pàdánù igbó rẹ̀ ń fi ohun tí ó bá rí dípò rẹ̀ ni. Ilé òrìṣà tí ó bá rí ilẹ̀ tí ó tó ní Salvador a máa pín in sí méjì: apá kan fún ilé àti ijó, apá kan fún igbó tí a kì í ṣẹ́ ẹ̀ka rẹ̀ lásán. Ilẹ̀ bẹ́ẹ̀ ni Ìyá Aninha rà sí ẹ̀yìn ìlú nígbà tí ó dá Ilé Àṣẹ Òpó Àfọ̀njá sílẹ̀ ní 1910. Ìlú ti dé ibẹ̀ báyìí, ó sì ti yí i ká. Nígbà tí ìjọba Bràsíl fẹ́ dáàbò bo ilé òrìṣà fún ìgbà àkọ́kọ́, ní 1984, Ilé Àṣẹ Ìyá Nasò, tí wọ́n ń pè ní Casa Branca, ni wọ́n mú, ilẹ̀ àti àwọn igi mímọ́ inú rẹ̀ sì wà nínú ohun tí òfin bò. Ìwé tí Lydia Cabrera kọ ní Havana nípa ẹ̀sìn àwọn Lùkùmí, tí ó jáde ní 1954, kò ní orúkọ mìíràn ju El Monte lọ, èyí tí í ṣe Igbó.

Nílé, ìparun ńlá àkọ́kọ́ tí ìwé ìjọba Èkó sọ̀rọ̀ rẹ̀ kò ti ọwọ́ àgbẹ̀ wá. Igi ìrẹ́ ni ó fà á, igi tí oje rẹ̀ ń di rọ́bà. Ní nǹkan bí 1894 ni a mú àwọn tí ó mọ iṣẹ́ náà wá láti ilẹ̀ Gold Coast kí wọ́n lè fi bí a ṣe ń kọ igi náà hàn. Ọdún kan kò tíì pé tí igbó Ìjẹ̀bú, ti Ìbàdàn, ti Ìjẹ̀ṣà àti ti Oǹdó fi kún fún àwọn akọgi. Ní 1895, ìwọ̀n rọ́bà tí ó gba Èkó lọ sí òkè òkun lé ní mílíọ̀nù 5 pọ́ùn. Wọ́n ń kọ igi náà láti ìdí dé orí, wọn kò sì fún un láyè kí egbò rẹ̀ jinná. Nígbà tí ọ̀rúndún 20 fi máa wọlé, òkú igi ni ó kù. Ní 1899 ni ìjọba ya igbó Olókèméjì, tí ó wà láàrin Ìbàdàn àti Abẹ́òkúta, sọ́tọ̀ gẹ́gẹ́ bí igbó ọba, àkọ́kọ́ irú rẹ̀ ní ilẹ̀ tí a ń pè ní Nàìjíríà lónìí. Ẹni tí ó bá wo ọjọ́ náà dáadáa yóò rí i pé lẹ́yìn ìparun ni òfin dé.

Kòkó tẹ̀ lé e. Kò yẹ kí a bú kòkó: owó rẹ̀ kọ́ ilé, ó rán ọmọ lọ sí ilé ìwé, ó sì ṣe ìrànlọ́wọ́ ńlá fún ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ tí ó bẹ̀rẹ̀ ní Ìwọ̀ Oòrùn ní 1955. Àgbẹ̀ kòkó náà kì í gé gbogbo igi. Ó máa ń fi àwọn ńlá sílẹ̀ kí wọ́n ṣíji bo èyí tí ó gbìn. Àwọn onígẹdú ni wọ́n wá mú àwọn ńlá yẹn lọ. Lẹ́yìn wọn ni ọ̀nà ọ̀dà, lẹ́yìn ọ̀nà ni ilé. Àwọn igbó irúnmọlẹ̀ ni ó kẹ́yìn tí a dé, nítorí ẹ̀rù èèwọ̀. Ní Ilé-Ifẹ̀, Igbó Olókun, níbi tí Leo Frobenius ti wa ilẹ̀ ní 1910, níbi tí àwọn awalẹ̀pìtàn òde òní sì ti rí ìlẹ̀kẹ̀ dígí tí ó lé ní 12,000, ti dín kù di ilẹ̀ kékeré tí ilé yí ká. Ohun tí ilẹ̀ náà pa mọ́ fún ọgọ́rọ̀ọ̀rún ọdún, èèwọ̀ igi ni ó pa á mọ́.

Kí ni a lè pe ìrora ẹni tí ó ń wo irú ìyípadà bẹ́ẹ̀ láti ẹnu ọ̀nà ilé rẹ̀? Yorùbá ní ọ̀rọ̀ náà àárò: àárò ẹni, àárò ilé. Ẹni tí ó bá rìnrìn àjò ni àárò ilé ń sọ. Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún yìí, Glenn Albrecht, onímọ̀ kan ní Ọsirélíà, kíyè sí àwọn ará Hunter Valley, níbi tí ìwakùsà èédú ti tú ilẹ̀ oko àti òkè wọn síta. Wọn kò kúrò nílé, síbẹ̀ ohun tí ó ń ṣe wọ́n jọ ohun tí ó ń ṣe ẹni tí ó wà ní àjò. Ó ṣẹ̀dá ọ̀rọ̀ tuntun fún un, solastalgia. Àárò ilé ni, tí ó ń sọ ẹni tí ó jókòó sí ilé. Ilé ni ó lọ, ènìyàn ni ó dúró. Àgbàlagbà tí ó bá jókòó sí ìta ilé rẹ̀ tí ó ń ka orúkọ igi tí kò sí mọ́ ní ojú ọ̀nà oko mọ ohun tí ọ̀rọ̀ yẹn ń sọ, bí kò tilẹ̀ gbọ́ ọ rí.

Àwọn oníṣègùn náà ti gbé ọ̀ràn yìí yẹ̀ wò. Ní 1984, Roger Ulrich tẹ ìwádìí kan jáde ní Amẹ́ríkà nípa àwọn aláìsàn 46 tí a ṣe iṣẹ́ abẹ àpò òróòro fún ní ilé ìwòsàn kan ní Pennsylvania. Àwọn kan ń rí igi láti ojú fèrèsé wọn, ògiri bíríkì nìkan ni àwọn yòókù ń rí. Àwọn tí ó ń rí igi tètè lọ sílé ju àwọn yòókù lọ, oògùn ìrora líle tí wọ́n bèèrè sì kéré. Ìwádìí kékeré ni, a kò sì gbọ́dọ̀ di ẹrù tí ó pọ̀ jù lé e lórí, ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ ìwádìí mìíràn ni ó ti jáde láti inú rẹ̀.

Ọgbọ̀n ọdún ṣáájú Ulrich, nǹkan tí ó tóbi jù bẹ́ẹ̀ lọ ti ṣẹlẹ̀ ní ẹ̀yìn Abẹ́òkúta. Thomas Adéoyè Lámbò, ọmọ Abẹ́òkúta tí a bí ní 1923, kọ́ ìmọ̀ ìṣègùn ní Birmingham, ó sì kọ́ ti àrùn ọpọlọ ní Lọ́ńdọ̀nù. Nígbà tí ó dé sí Aro ní 1954 láti ṣe olórí ilé ìwòsàn ọpọlọ, kíkọ́ ilé náà kò tíì parí. Àwọn aláìsàn ti wà nílẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni kò sí ibùsùn fún wọn. Ó lọ bá àwọn baálẹ̀ àti àgbẹ̀ abúlé tí ó wà ní àyíká. Ó bẹ̀ wọ́n kí wọ́n gba àwọn aláìsàn sí yàrá ilé wọn, olúkúlùkù aláìsàn pẹ̀lú ìyá, ẹ̀gbọ́n tàbí ìbátan kan tí yóò máa se oúnjẹ fún un. Ní òwúrọ̀ wọn a rìn lọ sí ilé ìwòsàn láti gba ìtọ́jú òyìnbó. Nígbà tí ó bá yá, wọn a padà sí abúlé, wọn a bá onílé lọ sí oko, wọn a jókòó sábẹ́ igi, wọn a gbọ́ ìlù bí ayẹyẹ bá wà. Lámbò kò sì tijú láti pe àwọn babaláwo àti oníṣègùn ìbílẹ̀ wá bá a ṣiṣẹ́, ní àkókò tí ọ̀pọ̀ àwọn akẹgbẹ́ rẹ̀ ń pe irú wọn ní ẹlẹ́tàn.

Ó yẹ kí a ṣe ìyàtọ̀ kan níhìn-ín. Lámbò kò sọ pé igi ni ó wo aláìsàn sàn. Ohun tí ó tẹnu mọ́ ni ẹbí, àwùjọ àti àṣà tí aláìsàn mọ̀. Ṣùgbọ́n ibi tí ẹbí àti àwùjọ náà wà kì í ṣe àárín ògiri. Lantoro, ilé tí wọ́n ti ń kó àwọn alárùn ọpọlọ sí ní Abẹ́òkúta láti àkókò ogun Hitler, ní ẹbí tí ó lè wá kí wọn. Kò ní oko, kò ní ọ̀nà abúlé tí aláìsàn lè rìn láàárọ̀ láìsí ẹni tí ó dì í mú. Nígbà tí Alexander Leighton àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ láti Yunifásítì Cornell bá Lámbò ṣe ìwádìí ńlá wọn nípa àrùn ọpọlọ láàrin àwọn Yorùbá, tí ìwé rẹ̀ jáde ní 1963, Aro ti di orúkọ tí àwọn oníṣègùn ọpọlọ káàkiri ayé mọ̀. Àwọn babaláwo tí wọ́n ti ń gba alárùn ọpọlọ sí ilé wọn lẹ́bàá igbó láti ìgbà ìwáṣẹ̀ kò ní ṣe kàyéfì sí i.

Kò sí ibi tí ìtàn àdánù àti ìmúpadàbọ̀sípò igbó ti hàn kedere tó Òṣogbo. Ìtàn ìdásílẹ̀ ìlú náà sọ pé Láròóyè àti Tìmẹ́hìn ọdẹ ń wá omi ní ìgbà ọ̀dá, wọ́n sì tẹ̀dó sí etí odò Ọ̀ṣun. Bí wọ́n ti ń ṣán igbó, igi ńlá kan wó sínú omi. Ohùn kan dún láti inú odò pé wọ́n ti fọ́ ìkòkò aró òun. Ẹ̀rù bà wọ́n, wọ́n bẹ̀bẹ̀, wọ́n sì bá odò dá májẹ̀mú: àwọn ènìyàn yóò ṣí lọ sí ilẹ̀ òkè, wọn yóò fi igbó etí omi sílẹ̀ fún ẹni tí ó ni ín, Ọ̀ṣun yóò sì máa dáàbò bo ìlú. Oríṣiríṣi ni ìlú ti gbà dá sílẹ̀ ní ilẹ̀ Yorùbá, púpọ̀ nínú wọn nípa ogun. Ti Òṣogbo jẹ́ ẹ̀bẹ̀ nítorí igi kan tí a gé.

Ní àwọn ọdún 1950, májẹ̀mú náà fẹ́rẹ̀ẹ́ bàjẹ́ pátápátá. Ẹ̀sìn tuntun ti mú ọ̀pọ̀ ènìyàn kúrò nídìí òrìṣà, ojúbọ ń wó, ikán ń jẹ òpó. Ẹ̀ka ìjọba fún iṣẹ́ àgbẹ̀ àti igbó gba apá kan ilẹ̀ náà, wọ́n gé igi ìbílẹ̀, wọ́n gbin tíìkì sí i ní ìlà. Àwọn ọdẹ àti apẹja wọ ibi tí a kì í wọ̀. Àwọn àwòrò tí ó kù di arúgbó tí ń ṣọ́ ahoro.

Ìgbà náà ni Susanne Wenger dé, obìnrin ayàwòrán tí a bí ní Graz ní ilẹ̀ Ọ́síríà ní 1915. Ó ti wá sí Nàìjíríà ní 1950 pẹ̀lú Ulli Beier, ikọ́ ẹ̀gbẹ sì fẹ́rẹ̀ẹ́ pa á ní kété tí ó dé. Lẹ́yìn àìsàn náà ni ó pàdé Ajagẹmọ, àwòrò Ọbàtálá ní Ẹdẹ, tí ó mú un wọ inú ẹ̀sìn. Nígbà tí ó dé Òṣogbo tí àwọn àgbà ibẹ̀ ní kí ó ran àwọn lọ́wọ́ láti tún ojúbọ ṣe, òun nìkan kọ́ ni ó ṣe é, bí àwọn ìwé òkè òkun ti máa ń sọ ọ́. Àwọn bíríkìlà àti agbẹ́gilére ìlú ni wọ́n ṣe é pẹ̀lú rẹ̀: Adébísí Àkànjí, Bùràímọ̀ Gbàdàmọ́ṣí, Kàsálí Àkàngbé àti àwọn mìíràn. Ère sìmẹ́ǹtì àti amọ̀ ńláńlá tí wọ́n mọ sí àárín igi dí ọ̀nà mọ́ katakata àti àdá. Ó ṣòro kí ènìyàn gé igi tí ó ṣíji bo ojúbọ tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ tún kọ́. Ní 1965 ni ìjọba sọ apá kan igbó náà di ohun àjogúnbá orílẹ̀-èdè, ní 1992 ni wọ́n mú un gbòòrò dé hẹ́kítà 75, ní 2005 sì ni àjọ UNESCO fi orúkọ rẹ̀ sí ìwé àjogúnbá àgbáyé. Irú ewéko tí ó wà níbẹ̀ tó 400, iye tí ó ju 200 lọ nínú wọn sì jẹ́ egbòogi. Wenger kú ní ọjọ́ 12 oṣù Kìíní, 2009, ní ẹni ọdún 93.

Ènìyàn tí ó bá ti ojú títì Òṣogbo wọ inú igbó yẹn a máa rẹ ohùn rẹ̀ sílẹ̀, láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni sọ fún un. Mùsùlùmí ń ṣe é, Kirisitẹni ń ṣe é. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tí ọkọ̀ já sílẹ̀ pẹ̀lú ariwo ń ṣe é kí wọ́n tó dé ojúbọ àkọ́kọ́.

Ìṣòro tí ó wà nílẹ̀ báyìí, kì í ṣe igi ló kàn. Odò Ọ̀ṣun ṣẹ̀ ní Ìgèdè-Èkìtì, ó sì gba ilẹ̀ Ìjẹ̀ṣà kọjá kí ó tó dé Òṣogbo. Ilẹ̀ Ìjẹ̀ṣà yẹn ni àwọn awakùsà ti ń wa wúrà ní ẹ̀bá omi, tí ẹrẹ̀ rẹ̀ ń ṣàn bọ̀. Omi tí ó mọ́ tẹ́lẹ̀ ti di pupa bí omi amọ̀. Ní 2022, ìjọba Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun kìlọ̀ fún àwọn ènìyàn kí wọ́n má ṣe mu omi odò náà. Ìkìlọ̀ tí ó tọ́ ni. Ṣùgbọ́n kí a rò ó wò bí yóò ti rí létí ìyá tí ó ti fi omi yẹn tọrọ ọmọ, tí ó rí ọmọ náà bí, tí ó sì ń bọ̀ lọ́dọọdún láti wá dúpẹ́.

Àwọn babaláwo tí ó wà ní Èkó àti ní Ìbàdàn ń dojú kọ irú ọ̀ràn kan náà ní ọ̀nà tiwọn. Ilé ti kan ilé. Níbi tí kò sí igbó mọ́, ẹ̀yìnkùlé ni wọ́n ń fi màrìwò yí ká tí wọ́n ń sọ di igbódù, bí àwọn ará Bahia ti sọ gameleira di ìrókò. Ifá ń gbà á, iṣẹ́ sì ń lọ. Àwọn àgbà awo kan kò fi bẹ́ẹ̀ fara mọ́ ọn: lójú tiwọn, ọmọ awo tí ó ń gbọ́ ẹ̀rọ amúnáwá àti ìpè mọ́tò ní gbogbo òru náà yàtọ̀ sí ẹni tí ó gbọ́ òwìwí. Ìdí nìyí tí àwọn kan fi ń gbé ọmọ awo wọn jìnnà kúrò ní ìlú, tí àwọn mìíràn sì ń pa owó pọ̀ ra ilẹ̀ oko tí wọn kò ní kọ́ ohunkóhun sí.

Ní oṣù Kẹjọ ọdọọdún, Arugbá ṣì ń ru igbá láti ààfin Àtáọ́ja gba inú igbó lọ sí etí odò, èrò a sì tẹ̀ lé e. Ibòji igi ṣì wà lórí wọn láti ẹnu ọ̀nà igbó títí dé etí omi. Bí wọ́n bá dé ibẹ̀, àwọn tí ó mú kèrègbè lọ́wọ́ a dúró, wọn a kọ́kọ́ wo àwọ̀ omi náà.